Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Jáde ní Ayétòrò

 

Ọdún 1963 tí wọ́n dá Comprehensive High School tiwa yìí sílẹ̀ náà ni wọ́n bí Hakeem Ọlájùwọ́n l'Ékòó, ọmọ oníṣòwò sìmẹ́ǹtì. Gólì ló kọ́kọ́ ń ṣọ́, ó sì ń gbá handball. Ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15 kó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní 1984, òun ni ẹgbẹ́ Houston Rockets ní Amẹ́ríkà mú, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mú Michael Jordan.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń parí ìtàn rẹ̀ sí. Ohun tó tẹ̀ lé e ló kàn yín. Odindi ọdún mẹ́wàá ni kò fi gba ife NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti Amẹ́ríkà. Ara rẹ̀ gbóná. Ní 1986, wọ́n lé e kúrò lórí pápá nítorí ìjà nígbà tí wọ́n ń bá ẹgbẹ́ Lakers gbá. Ní 1992, ẹgbẹ́ rẹ̀ dá a dúró, wọ́n ní ó ń díbọ́n pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Inú bí i, ó ní òun fẹ́ lọ. Inú ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé wọn lọ sí Japan lọ́dún yẹn ni òun àti ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà ti jọ sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì parí ìjà.

Nígbà yẹn, ó ti padà sídìí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Lóṣù Ààwẹ̀ ọdún 1995, á jẹ sààrì nídàájí. Bí eré bá bọ́ sọ́sàn-án, kò ní fi omi kan ẹnu, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń mu tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun náà ni wọ́n fún ní oyè agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù ní Febúárì ọdún yẹn. Ó gba ife ní 1994, ó tún gbà á ní 1995. Lójú tèmi, ọkàn tó balẹ̀ ló gba ife wọ̀nyẹn. Gíga rẹ̀ ti wà ńlẹ̀ látọjọ́ yìí.

Ẹ̀yin ọmọ, irú ọkàn yẹn lẹ máa nílò, torí ẹnu ibodè là ń gbé. Láìpẹ́, ẹnì kan á ní kẹ́ ẹ wá fi ọ̀kadà kó ìrẹsì fàyàwọ́ láti ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, pé owó rẹ̀ ń yá. Ọlọ́mọ ń sunkún nílẹ̀ yìí nítorí owó yíyá yẹn. Ẹ má dá a lóhùn. Olùkọ́, òbí, lẹ́mọ́mù tàbí pásítọ̀ tó ń bá yín wí, ẹ má sá fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá dìjà láàrin yín, ẹ jókòó, kí ẹ sọ ọ́.