Wọ́ọ̀dù Tí A Ti Dá Ẹgbẹ́ Wa Sílẹ̀

 A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ọdún mẹ́wàá pé lójú wa.

Wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ẹgbẹ́. Akọ̀wé ti kọ ìyẹn sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ibi tí a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí ibẹ̀ kò sí mọ́.

Ẹ má jáyà. Rye Lane ṣì wà ní Peckham níbí. Ibẹ̀ lẹ gbà wá lónìí, a sì rí àwọn tó ti fi ọ̀rá èlùbọ́ pa mọ́ sábẹ́ àga. Wọ́ọ̀dù ìdìbò tí wọ́n ń pè ní The Lane, ní káńsù Southwark, ni kò sí mọ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ péjọ ní pálọ̀ ọ̀kan nínú wa, tí àga kò tó, tí àwọn kan jókòó lórí àtẹ̀gùn, inú The Lane la wà. Nígbà tí wọ́n dìbò káńsù ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, orúkọ náà ti kúrò nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa.

Bí a ṣe wá mọ̀ nìyí. A fẹ́ gba gbọ̀ngàn kan fún ìpàdé ọdún, a wá kọ lẹ́tà sí àwọn kánsẹ́lọ̀ The Lane pé kí wọ́n bá wa dá sí i. Èsì tó dé fi ọ̀wọ̀ sọ fún wa pé kò sí wọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti lé lọ́dún kan nígbà náà. Akọ̀wé ka èsì náà sókè nípàdé, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́.

Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye ti wà láti 1865. Ní 1867 ni Jones & Higgins ṣí ilé ìtajà wọn sórí igun Rye Lane, wọn kò sì tì í títí di 1980. Ilé olóòógun gogoro tó ní aago lórí tí ẹ ń rí nígbà tí ẹ bá ń ra ẹja gbígbẹ, tiwọn ni. Káńsù Southwark fúnra rẹ̀ kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀. 1965 ni wọ́n da Bermondsey, Camberwell àti Southwark àtijọ́ pọ̀ di ọ̀kan. Abẹ́ Camberwell ni Peckham wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Sam King. Ọmọ Jàmáíkà ni, ó bá wọn ṣiṣẹ́ ológun òfúrufú nígbà ogun Hitler, ó sì padà wá nínú ọkọ̀ Windrush ní 1948. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́. Ní 1982 wọ́n dìbò yàn án ní wọ́ọ̀dù Bellenden, tó jẹ́ aládùúgbò The Lane. Nígbà tó di 1983, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ mẹ́yọ̀ Southwark. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí rẹ̀, kò kúrò níbẹ̀. Orí ọ̀nà tó là yẹn ni ọmọ Nàìjíríà wa, Tayo Situ, gbà di mẹ́yọ̀ ní 2010.

Bellenden ti Sam King dà? Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ní 2002. Wọ́n tún gbogbo ààlà fà, ó di wọ́ọ̀dù 21, kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta mẹ́ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. The Lane yè é lọ́jọ́ yẹn. Ní 2018 ó di wọ́ọ̀dù 23, iye kánsẹ́lọ̀ kò sì yí padà, 63 náà ni. Wọ́ọ̀dù tuntun tí wọ́n pè ní Rye Lane ní kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta, àwọn apá kan sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn wọ́ọ̀dù tó yí i ká. A kò sọ pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. 

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ààlà náà. Wọn kì í ka orí. Orúkọ tó wà nínú ìwé àwọn olùdìbò ni àjọ tó ń pín ààlà ń kà. Bí àgbàlagbà márùn-ún bá ń gbé ilé kan, tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló forúkọ sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ilé yẹn ní lójú wọn. Nílé, ẹni tí wọ́n bí ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ọmọ Ìtòkú ni títí ayé, kò nílò fọ́ọ̀mù. Níhìn-ín, pẹ́ńsù lásán lè sọ àdúgbò ẹni di nǹkan mìíràn.

Lọ́jọ́ tí èsì yẹn dé, a ní kí àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ nawọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi wá léèrè iye ọwọ́. Ọ̀kan nínú wa tó ti pẹ́ nílùú yìí ju gbogbo wa lọ sọ pé òun rò pé àfi ẹni tó bá gba ìwé ọmọ ìlú wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó ń gbé níbí, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ sì pé, lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Láti 2023 ni wọ́n ti ń béèrè ìwé tó ní fọ́tò ní ibùdó ìdìbò. Páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé wa, wọ́n ń gbà á.

Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, àwọn ọ̀dọ́ wa méjì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Àdírẹ́sì yín, ọjọ́ ìbí yín àti nọ́ńbà National Insurance ni wọn yóò béèrè, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A ti sọ fún àwọn alásè pé kí wọ́n má tíì gbé ìrẹsì jáde.