Bí A Ti Ń Dán Ọkà Bálì Wò ní Ilẹ̀ Ọ̀dá

Ẹni tí ó bá ti ka Ìwé Rúùtù nínú Bíbélì yóò rántí pé ìgbà ìkórè ọkà bálì ni Náómì àti Rúùtù dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ọkà náà kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, òun ni ẹran ọ̀sìn ń jẹ, òun náà ni wọ́n sì fi ń pọn ọtí bíà. Ní àṣálẹ́ yìí, mo fẹ́ sọ fún yín bí a ti ń dán irúgbìn rẹ̀ wò lóko, kí àgbẹ̀ tó lè gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí apá ìlà-oòrùn Colorado, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òjò ọdún kan níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ínṣì 15; ti Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bí 50. Ní ọdún 1986 ni wọ́n rí kòkòrò kan ní Texas, tí wọ́n ń pè ní kòkòrò àlìkámà ti Rọ́ṣíà. Kò pẹ́ tí ó fi tàn dé Colorado. Kò tó hóró yánmọtí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibi rẹ̀ pọ̀. Ó ń fa omi ara ewé mu, oró rẹ̀ sì ń mú kí ewé ká bí ẹní. Inú ewé tí ó ká náà ni ó ń sá pamọ́ sí. Bí àgbẹ̀ bá fọ́n oògùn, oògùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Àwọn kòkòrò tí ń pa á jẹ kò sì rí i mú. Bí ọ̀dá bá tún dé, ìyà ọkà di méjì. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ọkà bálì sílẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ti ìjọba ní Stillwater, ní Oklahoma, wá kó irúgbìn bálì jọ láti onírúurú ilẹ̀ ayé, ó ju 20,000 lọ. Wọ́n gbìn wọ́n sínú ilé gíláàsì, wọ́n sì da kòkòrò lé wọn lórí. Ewé èyí tí ó pọ̀ jù ká. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni tiwọn dúró gbọnrangandan. Lára wọn ni àwọn tí ó ti Afghanistan wá. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n fi gun bálì tí ń so dáadáa.

Ṣùgbọ́n ilé gíláàsì kì í ṣe oko. Nítorí náà, wọ́n pín ilẹ̀ sí ebè-ebè, wọ́n gbin irúgbìn titun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Wọ́n fọ́n oògùn sí àwọn kan, wọ́n fi àwọn ìyókù sílẹ̀ fún kòkòrò. Wọ́n tún un ṣe káàkiri ilẹ̀ náà, nítorí igun kan lè lọ́ràá ju èkejì lọ. Wọ́n ṣe é ní ìlú púpọ̀, fún ọdún púpọ̀. Nígbà ìkórè, òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń dájọ́, kì í ṣe ojú lásán. Irúgbìn tí kòkòrò kò lè pa, ṣùgbọ́n tí kò so, kí ni àgbẹ̀ yóò fi ṣe?

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni gbogbo ìjáfara yìí wà fún? Ẹ gbọ́ ìtàn àlìkámà. Ní ọdún 1994, Colorado mú àlìkámà kan jáde tí kòkòrò yìí kò lè ṣe níbi, Halt ni orúkọ rẹ̀. Inú àwọn àgbẹ̀ dùn. Nígbà tí ó di ọdún 2003, ẹ̀yà mìíràn nínú kòkòrò náà yọjú ní Colorado kan náà, ó sì ń ba Halt jẹ́. Ọ̀tá ti pa ìwà dà. Ó di dandan kí wọ́n gbé ẹ̀yà titun náà lé bálì pẹ̀lú. Méjì nínú àwọn tí ó ti Afghanistan ṣẹ̀ wá kò yẹ̀. Lára irúgbìn tí iṣẹ́ náà bí fún àgbẹ̀ ni Burton, Sidney àti Stoneham.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹnìkan bá mú irúgbìn titun wá sí oko yín, ẹ má kọ̀ ọ́, ẹ má sì fi gbogbo ilẹ̀ gbìn ín. Ẹ gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, ẹ wọn ìkórè méjèèjì, kí ẹ sì tún un ṣe ní ọdún kejì àti ìkẹta. Irúgbìn tí ó yege lẹ́ẹ̀kan ṣì ní ìdánwò níwájú.