Yèrèpè Ẹ̀yìn Ìsọ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ yèrèpè tó ń fà lórí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ lẹ́yìn ìsọ̀ la fẹ́ sọ. Tí èso rẹ̀ bá gbẹ nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn á gbé irun ara rẹ̀ sórí aṣọ tí à ń tà àti ọmọ tá a pọ̀n. Oníbàárà tí ara bá ti yún lẹ́ẹ̀kan, ọjà Ìlárá ló kù tó ń lọ yẹn!

Ẹ̀yin onílẹ̀ Ìpògùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣán an nígbà òjò kó tó yọ òdòdó, kẹ́ ẹ hú gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Èkó, kó fowó oníṣẹ́ ránṣẹ́. Ẹni tó bá bà lé, kó má họra o, ńṣe ló ń tàn kiri. Kó bọ́ aṣọ, kó wẹ̀. Àwa tá a nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ la ó kọ́kọ́ ṣán tiwa.