Oyún Láti Ọ̀sẹ̀ 13 Dé Ọ̀sẹ̀ 20
Ẹ̀yin ará Ìbẹ̀fun, bí oyún bá wọ ọ̀sẹ̀ 13 sí 14, èébì a máa rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ aboyún, oúnjẹ a sì tún máa wù wọ́n í jẹ. Láti ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oògùn ìdènà ibà, tí oṣù kan ó kéré tán yóò máa wà láàárín ìlò kan àti èkejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 20 ni ọlẹ̀ a máa sọ. Ó lè pẹ́ díẹ̀ fún alóyún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá dà, kí ọkọ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́: kí ó gbé aya rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀mí aboyún kò ṣe é fi dánwò.