Kí A Tó Yáwó Ra Lẹ́ǹsì

Ẹ̀yin ayafọ́tò ẹgbẹ́ wa ní Ọ̀tà, Sàngó àti Adó-Odò, ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ yáwó ra lẹ́ǹsì tí ihò rẹ̀ fẹ̀. Ó dára: f/1.4 ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 4 ti f/2.8. Bí iná gbọ̀ngàn kò bá mọ́lẹ̀ tó, iṣẹ́ kò dúró. Ohun tó wà lẹ́yìn ìyàwó a sì ṣe bàìbàì, kí ojú rẹ̀ lè yọ.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sún mọ́ ènìyàn jù, ojú a hàn kedere, etí a ṣe bàìbàì. Bí ẹbí bá tò ní ìlà mẹ́ta, ará ẹ̀yìn lè má hàn dáadáa, ìsọmọlórúkọ kò sì ṣeé tún ṣe. Ẹ dín ihò kù sí f/8.

Kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ra f/1.8, tí kò wọ́n tó f/1.2. Gbèsè kékeré ló rọrùn láti san.