Nígbà Tí Ẹrù Bá Pọ̀ Jù

Yàbá náà la ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń ka físíìsì ní yunifásítì pè mí. Ó ní, "Bọ̀dá mi, mo fẹ́ yí kọ́ọ̀sì padà. Iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù, kò yé mi mọ́." Físíìsì lèmi náà kà kí n tó di ẹni tó ń gé ohùn lórí kọ̀ǹpútà. N kò bá a jà. Ìtàn kan ni mo sọ fún un, òun náà ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ wo helium. Tó bá tutù dé nǹkan bí 271 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, omi rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láìsí ohun tó ń fà á sẹ́yìn. Superfluid ni wọ́n ń pè é. Lójú ààlà ìyípadà yẹn gan-an, ẹ sún mọ́ ọn ni o, ẹ jìnnà sí i ni o, bákan náà ló rí. Conformal field theory ni ìṣirò irú ipò bẹ́ẹ̀. Ó le koko bí ojú ẹja, torí gbogbo rẹ̀ ló so kọ́ra, kò sí ibi kékeré kan téèyàn lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Ní 2015, Simeon Hellerman, Domenico Orlando, Susanne Reffert àti Masataka Watanabe béèrè pé: tá a bá wá di ẹrù lé e ńkọ́? Ẹrù yẹn ni charge, iye tí kì í dín, tí kì í lé. Wọ́n fi charge púpọ̀ sójú bọ́ọ̀lù, wọ́n wá ipò tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ, ìyẹn ground state.

Ẹ ó rò pé wàhálà á pọ̀ sí i. Rárá o! Ẹ rántí dánfó ní Ojúẹlẹ́gba. Èrò kan ṣoṣo, ẹ ò lè mọ ibi tó máa jókòó. Ṣùgbọ́n tí kọ́ńdọ́ bá ti kó wọn kún fọ́fọ́, tí dírẹ́bà já kọ́nà, gbogbo wọn á jọ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà ni. Àkàwé lásán ni, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni charge púpọ̀ ṣe ń jọ rìn bíi superfluid. Ìgbì kékeré ló kù láti ṣírò. Tí charge bá di ìlọ́po mẹ́rin, agbára á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ. Àwọn ìgbì yẹn náà ló mú nọ́ńbà kan wá, -0.0937, tá a lè mọ̀ láìwọn ohunkóhun.

Ní 2018, Debasish Banerjee, Shailesh Chandrasekharan àti Orlando fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣirò tí wọ́n ṣe fún ẹrù ńlá bá ẹrù kékeré pàápàá mu.

Àbúrò mi dákẹ́. Ó wá ní, "Bọ̀dá mi, ṣebí ẹ̀yin náà fi í sílẹ̀?"

Òótọ́ ni. Owó ni mo torí ẹ̀ fi í sílẹ̀, àmọ́ ohun tí mò ń sọ fáyé ni pé ó le jù. Mo ní tó bá jẹ́ owó ni, kó sọ pé owó ni, ká jọ jókòó ṣírò ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó pọ̀ jù ni, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀nà tó ń gbà tú u ni kò tọ́.

Ó ti gba fọ́ọ̀mù. Kò tíì kọ nǹkan kan sí i.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.