Ọ̀RỌ̀ SÍSỌ PẸ̀LÚ ỌMỌ TÍ ARA RẸ̀ WÚWO JÙ



Ní ilẹ̀ Ọ̀kà wa, ọmọ tí ó bá sanra ni a ń kà sí ọmọ tí òbí rẹ̀ ń tọ́jú. Èmi kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí iyán. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ìbá fi ẹsẹ̀ gun òkè lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kadà ni ó ń gbé wọn nísinsìnyí, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì sì ti gba ipò ọsàn àti àgbàdo. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 1990, 8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 ni ara wọn wúwo jù. Ní 2022, wọ́n ti di 20.

Kí ni a ń ṣe sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? “Òròbó” ni à ń pè é ní gbangba. Yóò bá wa rẹ́rìn-ín. Bí ó bá di òru, yóò yọ́ lọ jẹun níbi tí ojú kò tó o, tàbí kí ó febi pa ara rẹ̀ títí òòyì yóò fi kọ́ ọ ní kíláàsì. Àwọn oníṣègùn ti rí i pé ẹ̀sín a máa mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sanra sí i ni.

Ní 1983, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Miller, kọ̀wé nípa ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọ̀mùtí. Oníṣègùn kò ní pàṣẹ. Yóò béèrè, yóò tẹ́tí sílẹ̀, títí aláìsàn yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ yí padà. Ní 2023, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbà pé kí a máa lo ọ̀nà yìí fún àwọn ọmọ tí ara wọn wúwo, kí a sì tọ́jú ọmọ pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, ó kéré tán fún wákàtí 26 láàárín oṣù 3 sí 12. Ẹbí náà kò gbẹ́yìn. Dókítà Adeoye Lambo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Aro, Abẹ́òkúta, láti 1954, nígbà tí ó ń fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé, tí ìbátan wọn sì ń bá wọn gbé ibẹ̀.

Nítorí náà, ìyá, dípò “O tún ń jẹun!”, ẹ pè é sí ẹ̀gbẹ́ yín nígbà tí ẹ bá ń bẹ iṣu. Ẹ bi í pé, “Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń sọ sí ọ ní ilé ẹ̀kọ́?” Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Bí ó bá ní òun fẹ́ dín ẹlẹ́rìndòdò kù, kí gbogbo ilé dín in kù.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń mọ̀ọ́mọ̀ bì lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí tí ó kọ oúnjẹ pátápátá, tàbí tí ó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà.